Ilé Tí Kò Lè Jóná

Òórùn ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Ní àárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí ètè ti bó, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti là, tí kò sì sí ọmọ tó fẹ́ fi ojú kan omi ìwẹ̀, ni òórùn iná igbẹ́ máa ń wọ abà wa. Kò jọ òórùn iná ìdáná. Ti ìdáná ní epo àti ata nínú. Ti igbẹ́ gbẹ, ó korò, ó sì máa ń há sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà náà, ẹ ó rántí màjàlà, eérú dúdú tó ń fò káàkiri bí ìyẹ́ adìẹ, tí kì í rí ibòmíràn bà lé ju aṣọ funfun tí ìyá ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ìyá mi á gbọn aṣọ náà, á ní, "Bí oko bá jó, màjàlà ní í ròyìn fún ará ilé." Bàbá mi á gbójú sókè, á ní oko ẹlòmíràn ló ń jó. Bí gbogbo ọkùnrin abà wa ti gbọ́n tó nìyẹn. Iná tí kò bá tíì jó wọn lára, ti ẹlòmíràn ni.

Abà náà wà lẹ́yìn Màmú, nínú igbó kan náà tó nasẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Ilé amọ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ ara wọn, ohun tí àwọn tó ń gbé inú wọn sì ń ṣe nìyẹn. Ewé gbọ̀dọ̀gì ni a fi ń bo orí ilé. Àwọn obìnrin ni í lọ já a ní àbàtà, wọn á rù ú wálé, wọn á máa gún un pọ̀ mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ títí awọ ìka yóò fi bó. Lábẹ́ ewé ni àjà wà, igi tí a tò pọ̀ tí a sì fi amọ̀ rẹ́, kí iná òkè má baà rí ọ̀nà bọ́ sínú ilé. Inú ilé alájà máa ń tutù, ó máa ń ṣókùnkùn, òórùn amọ̀ àti àgbàdo gbígbẹ sì máa ń wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru.

Bí iná igbẹ́ bá ń bọ̀, àwọn baba wa kì í bá a jà. Wọ́n á ṣí òrùlé ni. Baálẹ̀ á ní kí wọ́n lu agogo, olúkúlùkù á gun orí ilé rẹ̀, á tú ewé orí rẹ̀ kúrò, a ó sì kó ewé náà lọ dà sínú odò ẹ̀yìn abà, pẹ̀lú ẹkún àwọn obìnrin tó já a. Ẹrù ilé náà á lọ sí etí odò. Ògiri àti àjà nìkan ni yóò kù, níhòhò. Iná á dé, á wò yíká, kò ní rí nǹkan jẹ, á sì bá tirẹ̀ lọ. A ó wá sùn sábẹ́ ìràwọ̀, a ó gbọ̀n bí ewé, títí a ó fi já gbọ̀dọ̀gì mìíràn. Kò sí ògo nínú rẹ̀. Ó kàn ṣiṣẹ́ ni, láti ayé àwọn baba ńlá wa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọ̀làjú kọ́kọ́ bá ní abà náà. Odùkọ̀yà ni Ìyá Àgbà, ìyá òun àti bàbá mi, sọ ọ́. Nígbà tó wọ ẹ̀sìn ìmàle, ó di Sùnmọ́nù. Epo àti èkùrọ́ ló ń kó lọ tà ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn tí ọ̀nà Èkó ti ṣí fún tẹrú tọmọ. Ní ọdún kan, dípò aṣọ àti iyọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń rà bọ̀, páànù ni ó rà. Ọkọ̀ ojú omi gbé e gba orí ọ̀sà, àwọn aláàárù sì rù ú wọ inú igbó, ó ń dún gbàlàgàlà lórí wọn bí wọ́n ti ń bọ̀, ó sì ń kọ mànà nínú oòrùn. Ìyá mi ní, "Ohun tí a kò rí rí ni ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀." Láti ọjọ́ náà, Sùnmọ́nù náà tún parẹ́. Bàbá Onípáànù ni gbogbo ayé ń pè é, ó sì máa ń dáhùn kí wọ́n tó pè é tán.

Káfíńtà tó bá a kan páànù náà sọ fún un pé ilé òyìnbó kì í ní àjà amọ̀. Wọ́n wó àjà. Ó tún sọ pé kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàárín orí ògiri àti páànù kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Wọ́n fi àlàfo sílẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó wo gbogbo rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe tán, ó ní, "Ilé tí kò ní àjà, àgbàlá tó dé fìlà ni." Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín ẹ̀rín ẹni tó ti rí Èkó. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kan àtàrí, inú ilé páànù yẹn máa ń gbóná débi pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa ni olówó ilé máa ń wá jókòó sí. Á ní òun wá kí wa ni. Ojoojúmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń kí wa, láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á sì fún un ní omi tútù mu.

Tíṣà wa náà kò gbẹ́yìn. Ó ń kọ́ wa ní A B D lábẹ́ igi odán kan ní Màmú. Ó jẹ́ ọkùnrin tínínrín kan tó fẹ́ràn ọ̀làjú ju oúnjẹ lọ, bí ara rẹ̀ sì ti rí jẹ́rìí sí i. Ó kó gbogbo wa wá wo páànù náà. Nígbà tí a padà sí abẹ́ igi, ó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, ó ní kí gbogbo wa máa ké e: "Páànù kì í jóná." A ké e títí ohùn wa fi há. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ọ́n kà láyé mi nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́ ju gbogbo ohun tó kọ́ wa lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Mo pinnu nínú ọkàn mi pé bí mo bá dàgbà, abẹ́ páànù ni n óò máa gbé.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ le. Ewé orí ilé gbẹ débi pé ó ń dún bí aláǹgbá bá sáré gorí rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òórùn náà dé, màjàlà dé, bàbá mi sì ní oko ẹlòmíràn ni. Títí di òní olónìí, kò sí ẹni tó dá iná náà. Ẹnì kan lọ fi èéfín lé òkété nínú ihò, gbogbo wa ló mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣe ọdẹ òkété lọ́jọ́ náà. Iná náà dá ara rẹ̀ ni. Nígbà tó fi máa di ìyálẹ̀ta, àwòdì ti ń yí lókè, èéfín ti bo apá ibi tí oòrùn ti ń yọ, òkété àti ejò sì ń gba àárín abà wa kọjá láìkí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọkùnrin kan gbé kùmọ̀ tẹ̀lé òkété. Ìyá mi pariwo mọ́ wọn pé, "Ilé ẹni kì í jó ká máa lé eku!" Wọ́n ní ilé kò tíì jó. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọ̀kan nínú wọn sì pa èyí tó sanra.

Nígbà náà ni agogo Baálẹ̀ dún. Àwọn ọkùnrin gun ilé, wọ́n ń tú ewé sílẹ̀, àwa ọmọdé ń wọ́ ọ jọ, eruku rẹ̀ sì ń mú wa sín. Ọ̀nà odò ni a dorí kọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Lójijì ni ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu kiri. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti bá ẹni tó dá iná lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ: "Kí ló dé tí a ó fi gbé ewé rere sọ sómi, nígbà tí ilé tí kò lè jóná wà?"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yára rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti já gbọ̀dọ̀gì rí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn tó létí àwọn obìnrin. Baálẹ̀ ní ọgbọ́n ni. Bàbá mi ní ọgbọ́n ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbádá, ó ń gba ewé wọlé bí ẹni tó ń gba àlejò ìyàwó. A kó gbogbo ewé gbígbẹ abà wa sínú ilé náà, a tò ó dé etí páànù. A kó òwú lé e. A kó aṣọ, àga, agbè epo, àti ẹja gbígbẹ tí ìyàwó Baálẹ̀ rà lọ́wọ́ àwọn apẹja Efire. Gbogbo ohun tí iná fẹ́ràn jù lọ láyé ni a fi ọwọ́ ara wa tò jọ fún un sí ojú kan, a sì kí ara wa kú iṣẹ́. Orí mi wú, nítorí èmi nìkan ni mo lè ka ìdí tí a fi ṣe é.

Ìyá Àgbà ni ẹrù tó kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé e, ó gbé àpótí rẹ̀ sí àárín ilé, ó mú un jókòó láàárín ewé bí ayaba, ó ní kí èmi jókòó tì í. Ó wí fún un pé, "Ìyá, kò síbi tó dà bí ibí yìí. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ìyá Àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo òkè níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba àlàfo káfíńtà wọlé. Ó ní, "Mo fẹ́ tọ̀."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí ó tọ̀ sínú ìkòkò. Ìyá Àgbà ní ìkòkò ta ni, ti ìyàwó Baálẹ̀ àbí ti ta? Ó ní òun tí òun bí ọmọ tó ra páànù, òun kò ní tọ̀ sáàárín ẹrù ẹlẹ́rù. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kó bu ẹ̀bẹ̀ náà mọ níbẹ̀, pé nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, ẹ̀yìn òun ló ń tọ̀ sí, kò sì bẹ òun. Kò sí ọkùnrin tó lè dúró gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú èrò. Ó sáré lọ bá àwọn tó ń fi ewéko tútù na iná ní etí abà.

Ìyá mi wá pọ̀n ọ́n, bí a ti ń pọn ọmọ. Ìyá Àgbà ṣí ìborùn rẹ̀, ó fi bo orí àpótí náà, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á mọ̀ pé mò ń bọ̀." A re odò. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò tọ̀. Ó ní kí ìyá mi gbé òun sínú omi. Ó jókòó sínú rẹ̀ títí ó fi kan ìbàdí rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti òkúta, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ yìí. Èmi kì í bá ewé gbígbẹ jókòó nígbà iná." Mo sọ fún un pé páànù kì í jóná. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní tíṣà. Ó bu omi sí mi lórí.

Iná dé etí abà. Ó wo ilé wa, ògiri àti àjà ló rí. Ó wo ilé Baálẹ̀, bákan náà. Ó ti fẹ́ máa bá tirẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ló gbé ẹ̀yinná kan, tí kò ju èkùrọ́ lọ, ó gbé e gba àlàfo tí káfíńtà fi sílẹ̀. Láti odò, a rí èéfín funfun tó yọ lábẹ́ páànù yíká, bí ìgbà tí ìkòkò bá ń hó tí ọmọrí wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúdú. Lẹ́yìn náà ni páànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó ń lọ́, ó ń ta, ìṣó ń fò jáde, epo inú agbè sì ń bú.

Ní òdìkejì abà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ròyìn rẹ̀ fún wa lẹ́yìn náà. Ó kọ́kọ́ dúró. Ó bi Baálẹ̀ pé, "Ìyá mi dà?" Baálẹ̀ ní, "Ibi tí o gbé e sí ni." Ó bọ́ agbádá sílẹ̀, ó sì sá.

Àwa rí i láti odò. A rí i tó ń sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀. Ìyá mi pariwo títí ọrùn rẹ̀ fi yọ iṣan: "Ìyá wà níbí o! Ẹ padà o, Ìyá wà níbí!" Páànù ń pariwo jù ú lọ. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì ti òkúta, òun tí kò lè rìn, ó dìde nínú omi. Kò pè é ní Sùnmọ́nù, kò sì pè é ní Onípáànù. Ó ní, "Odùkọ̀yà! Odùkọ̀yà o!" Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó ṣubú, ó tún dìde. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀rù iná. Mi ò rí i kí Ìyá Àgbà ṣe ohun kan rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí ènìyàn ti lè pẹ́ lọ. Nígbà tó jáde, ó ń rìn bí afọ́jú, ó di nǹkan kan mọ́ àyà, ó tẹ̀ bò ó kí iná má baà kàn án. Àwọn ọkùnrin gbá a mú, wọ́n yí i nínú eruku. Wọ́n ní kí ó jọ̀wọ́ ohun tó dì mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Àpótí ni, tòun ti ìborùn tó wà lórí rẹ̀. Nínú èéfín, ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ ìyá rẹ̀, ó sì gbé ohun tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi pọn Ìyá Àgbà dé, omi ń kán lára àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó sílẹ̀, awọ apá rẹ̀ ti ṣí láti ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gbójú sókè, ó rí ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti tọ̀ tán?"

Ìyá Àgbà, tó ní èsì fún Baálẹ̀, fún tíṣà, fún káfíńtà, àti fún òjò bí ó bá pẹ́ kó tó rọ̀, ní kí ìyá mi sọ òun kalẹ̀. Ó jókòó tì í nínú eruku, ó fi ìborùn bo orí rẹ̀, ó sì ń sunkún.

Afẹ́fẹ́ yí padà ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn onígbàgbọ́ ní àdúrà àwọn ló yí i. Àwọn ìmàle ní àdúrà àwọn ni. Àwọn tí kò tíì mọ ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n ń lọ ní àwọn ti ṣe tiwọn kí àwọn yòókù tó kúnlẹ̀. Wọ́n ṣe àríyànjiyàn náà tagbáratagbára lórí ẹrù tó ti jó. Ilé kan ṣoṣo ló jó ní abà wa, èyí tí kò lè jóná. Gbogbo ilé ewé dúró gbọnin. A tún já gbọ̀dọ̀gì, a tún sùn sábẹ́ ìràwọ̀ títí, láìní aṣọ tí a ó fi bora. Páànù tó lọ́ náà di ohun tí a ń sá ata lé. Tíṣà wa kò sì kọ gbólóhùn náà mọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní a ti dé orí ẹ̀kọ́ mìíràn.

Àwọn ará abà fi ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe ẹlẹ́yà lẹ́yìn tí egbò rẹ̀ jinná. "Onípáànù ti di Alápòótí," ni wọ́n ń wí. Mo retí kí Ìyá Àgbà fi tirẹ̀ kún un, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ẹnu pa ènìyàn bí rẹ̀. Kò wí nǹkan kan, títí ó fi kú. Ìka ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò ṣeé pa mọ́ra mọ́, kò lè mú òkèlè. Ìyá Àgbà, tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé kiri, ní kí wọ́n máa gbé òun lọ bá a láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Òun ni ó ń bọ́ ọ ní usu, iṣu sísè tí a fi epo pa, bí ẹni ń bọ́ ọmọ tí kò tíì lè jókòó. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ojú tó máa ń wò ó kò dára.

Mo ti dàgbà ju bí ìyá mi ti dàgbà tó nígbà náà lọ. Abẹ́ páànù ni mò ń gbé bí mo ti pinnu, ó sì ń gbóná bí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gbóná. Mo ní kí káfíńtà fi àjà sí i, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín ẹni tó ti rí Èkó, ṣùgbọ́n ó fi í sí i. Àwọn ọmọ mi sọ pé ahọ́n Ìyá Àgbà ni mo jogún, àwọn ìyàwó wọn náà sì jẹ́rìí sí i láìbẹ̀ wọ́n. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo mọ ẹni tó gbọ́n ní abà wa, mo sì mọ òmùgọ̀ ibẹ̀. Kò ṣòro fún mi rárá. Ní báyìí, bí ọyẹ́ bá dé tí òórùn náà sì wọlé, mo máa ń na ọwọ́ mi síwájú, mo sì máa ń wò wọ́n. Ọwọ́ ẹni tó gbọ́n ni. Wọ́n ń dán, wọ́n ń pa mọ́ra dáadáa, kò sí àpá kan ṣoṣo níbẹ̀.